Àkísà Inú Nílọ́nù Mẹ́ta

Ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀kà ni àkọ́bí mi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló máa ń gbàdúrà fún ìyàwó nílé wa, a sì gbọ́dọ̀ fún wọn láṣọ kí wọ́n tó lanu. Wọn kì í tú aṣọ kúrò nínú nílọ́nù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń tò ó sí, àwọn fúnra wọn á wá sùn sórí ẹní.

Ọmọ mi ra àǹkárá gidi ní Ìkàrẹ́, ó tú u, ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wọ́n sì jù ú lù ú lójú.

"Ara òkú wo lo ti bọ́ ọ?"

Ẹkún ló sun délé. Mo mú ògbólógbòó ìró tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí fúnra wọn ní kí n máa fi nulẹ̀, mo ká ibi tó ya sínú, mo fi nílọ́nù mẹ́ta wé e, mo sì gbé e lọ fún wọn.

"Ìyàwó, èyí laṣọ," ni wọ́n wí, wọ́n ń fọwọ́ pa nílọ́nù. Wọ́n gbàdúrà títí òógùn fi bò wọ́n.

Lẹ́yìn ìsìnkú wọn ni mo tó sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi. Àkọ́bí mi ní, "Màmá, àdúrà mi wá ńkọ́?"

Mo ní, "Ọmọ mẹ́rin tó o bí kò burú fún àkísà."