Ọjọ́ tí Òjò Ká Wa Mọ́ Orí Òkè

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odò-Orò, kò sí ọjọ́ tí mo ń retí tó ọjọ́ Ajé tó máa ń tẹ̀lé ọdún Àjíǹde. Ọjọ́ náà ni ìjọ wa máa ń lọ sí Gálílì, Gálílì tiwa sì ni òkè àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ bó ṣe máa ń rí: ìyá á ru kúlà ìrẹsì, ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Tí a bá dókè, a ó jókòó lórí imọ̀ ọ̀pẹ, a ó sì fi yọ̀ láti orí àpáta dé ìsàlẹ̀, títí ìdí ṣòkòtò á fi ya. Ẹgba ìyẹn ń dúró dè wá nílé, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ẹgba?

Lọ́dún kan, ibi tí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni ojú ọ̀run ti ṣú. Kí a tó palẹ̀ mọ́, òjò ti dé. Gbogbo wa sá wọ abẹ́ àpáta ńlá kan. Ibẹ̀ ni Màmá ti ka àwa ọmọ rẹ̀, tí kò rí Kẹ́mi, àbúrò mi obìnrin tó kéré jù.

“Kẹ́mi dà? Mi ò ní padà sí ulé láìrí ọmọ mi!”

Ó ti bọ́ sínú òjò. Mo sáré tẹ̀lé e. Àpáta ń yọ̀ bí ilá, etí òkè kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ sún mọ́. Màmá ń pe Kẹ́mi, ó ń pe Jésù, ó tún ń pe Kẹ́mi.

Ìhà kejì òkè la ti rí i, ó lóṣòó sábẹ́ àpáta kékeré kan. Ẹ̀rù Màmá di ìbínú lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Kẹ́mi ò tilẹ̀ sá. Ó fi ìka lé ètè.

“Màmá, ẹ rọra. Ó ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú.”

A wo ibi tó ń wò. Àwọn ọ̀bọ ló fún mọ́ra wọn lórí ẹ̀ka igi, òjò ń pa wọ́n. Ìyá kan tẹ̀ bo ọmọ rẹ̀ kí omi má baà kàn án. Àwọn ọ̀bọ tó ń jẹ wá lágbàdo lóko, tí Màmá máa ń ṣẹ́ èpè fún! Ọwọ́ rẹ̀ rọra wálẹ̀. Ó lóṣòó tì wá, ó fa Kẹ́mi mọ́ àyà, a sì ń wo àwọn ọ̀bọ náà títí òjò fi dá.

Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gun òkè náà. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ní Àjíǹde tó kọjá, èmi àti Kẹ́mi kó àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀. A jókòó títí oòrùn fi rọlẹ̀. A rí ẹyẹ, a rí ọ̀kẹ́rẹ́, a ò rí ọ̀bọ kankan. Màmá, tí orúnkún ò jẹ́ kó lè gùnkè mọ́, ti jókòó dè wá lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ẹ rí wọn?”

Kẹ́mi mirí. Màmá wo ọ̀nà òkè.

“Bóyá wọ́n ti ṣí lọ ni,” ni ó wí. “Ibikíbi tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ bá mi kí wọn.”