Erùpẹ̀ Etí Sùtánà

Òórùn ọṣẹ tó ń jáde lára sùtánà tí mò ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ní Dagenham, ní ìlú òyìnbó, ló rán mi létí Àǹtí, àbúrò ìyá mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n dé láti Botswana, ìrìn àjò ìwàásù wọn àkọ́kọ́ sí ìhà gúúsù Áfíríkà, Àǹtí kò lè jókòó. Wọ́n ń jó láìwọ bàtà lórí kápẹ́ẹ̀tì wa.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, báyìí la ṣe jó nínú erùpẹ̀ wọn.”

“Oníjó, jókòó jẹun,” ni ìyá mi dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti kọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé sùtánà kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n. Bí àwọn méjèèjì ti ń jẹun, mo gbé ti Àǹtí lọ sí balùwẹ̀, mo fọ erùpẹ̀ pupa etí rẹ̀ dànù, mo sì gbé e wá.

Àǹtí fọwọ́ pa etí aṣọ náà yíká.

“O ṣeun, ọmọ dáadáa. Mo ti fẹ́ fi erùpẹ̀ yẹn pamọ́ síbẹ̀ ni.”

Àǹtí kò jó mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọn kò sì tún dé Botswana mọ́ títí wọ́n fi kú.