Bí Mo Ṣe Kọ́ Kọ̀ǹpútà Jíìmù ní Ọrọọrún

Èékánná ọmọ mi ni mò ń gé lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Àárọ̀ Sátidé ni, kò sí ilé-ìwé, a jókòó síta níwájú ilé wa ní Ìkirè. Mo ti gé ti ọwọ́ òsì tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtàǹpàkò ọ̀tún mú ni, ọmọ náà sì ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má gé e kan ẹran, ni ọ̀gá mi pè láti Apòmù.

"Ibo lo wà?" Kò béèrè ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ kì í pè mí kó má kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. "Ẹ̀rọ rẹ ti ti Ìyá Oníke mọ́ta o. Lójú gbogbo èèyàn! Máa bọ̀ kíá."

Ẹ̀rọ rẹ, ó ní. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ̀rọ wa ni.

Tíṣà eré ìdárayá ni ọ̀gá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá ṣí jíìmù sí Apòmù: gbọ̀ngàn kan, kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí kì í lọ síbì kankan, irin gbígbé, àti ẹní rọ́bà. Ìwé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà l'Ékòó ló ra áàpù kan fún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí àsansílẹ̀ rẹ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, wàá tẹ̀ka, iná aláwọ̀ ewé á tàn, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá ti parí, iná pupa á tàn, ẹ̀rọ á sì han gooro. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti sọ fún áàpù náà bí àsansílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó: oṣù kan fún àwọn tíṣà àti akọ̀wé, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ń dán an wò, ọjọ́ kan fún àlejò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn, kí wọ́n fi oṣù kan wò mí ná. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Ọmọ ọ̀gá mi ti ní kí ìyá òun wá ẹni tó jáde yunifásítì.

Orúkọ tèmi náà wà nínú áàpù ọ̀hún, lábẹ́ òṣìṣẹ́, ọjọ́ ìparí sì wà níwájú rẹ̀ bíi ti oníbàárà: Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Bí ọ̀gá mi kò bá sún un síwájú, tí mo bá tẹ̀ka lẹ́yìn ọjọ́ náà, pupa ló máa tàn fún mi. Mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti sọ fún mi rí pé, "Máa mú ọmọ ẹ bọ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, kó máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé ẹ̀ lórí ẹní."

Mo gbé ọmọ mi sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, pẹ̀lú èékánná ọwọ́ kan tí a kò tíì gé.

Ìyá Oníke ló ń ta abọ́ àti báàkẹ́ẹ̀tì lọ́jà Apòmù. Dókítà ló ní kó máa ṣe eré ìdárayá nítorí orúnkún rẹ̀, òun ló sì kó àwọn obìnrin ọjà mẹ́wàá mìíràn wá. Oṣù kò bá wọn lára mu. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà ńlá, ọrọọrún náà ni wọ́n fẹ́ máa san tiwọn: wọ́n á wá ṣe eré láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n á lọ tajà, wọ́n á sì padà wá san nírọ̀lẹ́. Ọjà Túsidé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òní gan-an ni ọjà kejì.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó ró ìró lé ṣòkòtò eré. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyàwó, káàbọ̀. Ẹ̀rọ yín ní onígbèsè ni mí. Ó han mọ́ mi bí ẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ gààrí ẹ̀."

"Ó ní kẹ́ ẹ lọ ta báàkẹ́ẹ̀tì méjì ná kẹ́ ẹ tó wá," ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọjà tó yí i ká wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Oníke kò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ mélòó lo ní kó fún wa?"

"Mẹ́rin, mà."

"Mẹ́rin? Ta ló ń ná ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin? Ṣé a ò sọ fún ẹ pé márùn-ún ni?"

Wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti wo kàlẹ́ńdà, mo rí i pé láti Túsidé sí Sátidé, mẹ́rin ni. Mo tiẹ̀ ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú mi pé àwọn ìyá wọ̀nyí kò mọ ìṣirò. Mo sọ ti kàlẹ́ńdà fún un. Mi ò sọ ti ẹ̀rín.

"Kàlẹ́ńdà ló ń bá wa tajà ni?"

Ọ̀gá mi fà mí wọlé. "Sọ ọ́ di márùn-ún, jẹ́ ká ráyè."

Mo sọ ọ́ di márùn-ún. Ìyá Oníke tẹ̀ka, iná aláwọ̀ ewé tàn, inú gbogbo wọn dùn. Ó yẹ kí n pa kọ̀ǹpútà dé. Ṣùgbọ́n mo wo iwájú lọ, mo sì rí i pé àsansílẹ̀ wọn tó kàn máa bẹ̀rẹ̀ ní Sọ́ńdè, kì í ṣe lónìí tó jẹ́ ọjọ́ ọjà. Èyí tó tẹ̀ lé e á tún fi ọjọ́ kan sílẹ̀ sí i. Kí oṣù tó parí, àsansílẹ̀ wọn kò ní mọ ọ̀nà ọjà mọ́. Kí n má purọ́, mo rò ó pé kí n dákẹ́. Títí àṣìṣe náà á fi hàn, Mọ́ńdè á ti kọjá, wọn á ti sún ọjọ́ ìparí tèmi síwájú.

Mo wo ọmọ mi tó ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ṣeré. "Mà," mo ní, "márùn-ún náà kò tọ̀nà."

Ojú ọ̀gá mi yí padà. "Mẹ́rin kò tọ̀nà, márùn-ún kò tọ̀nà. Kí ló wá tọ̀nà?"

Ìyá Oníke ló dáhùn. Ó fa ọmọ mi mọ́ra. "Wá, ìyá mi kékeré. Ta ló gé èékánná ẹ lápá kan?" Ó na ọwọ́ òsì ọmọ náà. "Àtàǹpàkò yìí lọjà Túsidé." Ó ń tẹ àwọn ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ọmọńdinrín. "Èyí lọjà òní. Mélòó?"

"Márùn-ún!"

"Ó káre. Ká wá ka ti ọjà tó ń bọ̀. Ìka wo la máa fi bẹ̀rẹ̀?"

Ọmọ mi na ọwọ́ kejì.

"Rárá o. Ọmọńdinrín yìí náà ni. Òun ló parí ti ẹ̀yìn, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ ti iwájú. Ọjà kan ṣoṣo là ń ná lónìí."

Ibẹ̀ ló ti yé mi: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ka ọjọ́ ọjà kan náà, mẹ́rin ni kàlẹ́ńdà sì máa kà láti ọjà dé ọjà. Mo dá a padà sí mẹ́rin. Mo wá lọ sí ìsàlẹ̀ ojú-ewé, níbi tí mi ò dé rí. Àyè kan wà níbẹ̀ fún ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣì lè ṣí lẹ́yìn tí àsansílẹ̀ bá parí. Àwọn tó ṣe áàpù náà pè é ní ọjọ́ oore-ọ̀fẹ́. Mo fi ọ̀kan síbẹ̀. Mo sì ní kí tuntun máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ti tẹ́lẹ̀ parí sí. Mo ka ọjọ́ tó jáde: Sátidé, Wẹ́sídè, Sọ́ńdè. Ìyá Oníke ń mi orí sí ìkọ̀ọ̀kan. "Ọjà ni. Ọjà ni. Ọjà ni."

"Oore-ọ̀fẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà," ọ̀gá mi wí, "èmi ń wá a kiri ṣọ́ọ̀ṣì."

Nígbà tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í na apá, ọ̀gá mi wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣí ibi tí orúkọ òṣìṣẹ́ wà. Pa ọjọ́ ìparí tìẹ rẹ́."

"Oṣù mélòó ni kí n fi rọ́pò, mà?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Ṣé mo ní kí o fi nǹkan kan rọ́pò ni?"

Mo pa á rẹ́. Mo mú abẹ èékánná jáde nínú báàgì, mo pe ọmọ mi sórí ẹní kí n lè parí ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Oníke ti ṣèlérí fún un pé òun á mú kọ́ọ̀bù pupa kékeré kan bọ̀ fún un lọ́jà tó ń bọ̀.

"Mọ́mì, ọjọ́ mélòó ni?"

"Márùn-ún," mo ní. "Ṣùgbọ́n o ti ń lo ọ̀kan lọ́wọ́."