Ìwé Tí Gunvor Kò Buwọ́ Lù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Gunvor Hedlund ti fi ń ṣètò àkókò iṣẹ́ ní ẹ̀ka nọ́ọ̀sì yunifásítì wa, ní àríwá Sweden. Òun ló ń pinnu ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yóò lọ sí ilé ìwòsàn. Tábìlì rẹ̀ kì í rí wúruwùru, pẹ́ńsù rẹ̀ máa ń mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tó dá iṣẹ́ dúró, owú ló sì fà á.

Nípàdé oṣù karùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tyra Lindmark, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa jókòó ti òṣìṣẹ́, kí wọ́n jọ ṣètò àkókò náà. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbà á wọlé.

Alága ní, "Èrò tuntun gidi nìyí!"

Bisikíìtì ọwọ́ Gunvor fọ́ wẹ́wẹ́. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn lòun náà ti dá àbá yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá lọ.

Òun kan náà ni wọ́n wá yàn láti yẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé wò. Lọ́dọ̀ wa, ìpinnu kò tíì fìdí múlẹ̀ títí ẹni tí a yàn yóò fi buwọ́ lu àkọsílẹ̀. Bí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà bá sì parí tí kò tíì buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ náà di ọdún tó ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Tyra wọlé tòun ti kọfí lọ́wọ́.

"Gunvor, ṣé àṣìṣe wà nínú ẹ̀ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé? Ọ̀la mà ni o."

"'Tyra dá àbá.' Ìlà yẹn ń ta mí lójú."

"Kí lorúkọ mi ṣe?"

"Orúkọ tèmi ló yẹ kó wà níbẹ̀! Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lo ṣì wà nígbà tí mo sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi."

Tyra gbé kọfí rẹ̀ lé orí àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì. "Mi ò mọ̀. Kọ orúkọ ẹ sí i, mi ò ní bínú."

"Báwo? Mi ò la ẹnu mi nípàdé yẹn. Ohun tí mi ò sọ, mi ò lè kọ pé mo sọ ọ́."

"Ìwọ yìí le o! O lè fi ìwé pa mọ́, ṣùgbọ́n o ò lè parọ́."

Ojú ti Gunvor. Ó yọ ìwé náà, ó tún un kà látòkè délẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú.

"Mo ṣì ń jowú ẹ o. Àtẹ́wọ́ yẹn ti pọ̀ jù."

"Mo gbọ́. Ṣé kí n máa lọ?"

"Síbo? Fa àga wá. Gbé kọfí ẹ kúrò lórí ìwé mi, ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún, tí iléèwé máa wọlé."