Ẹyin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sè

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyàwó mi, tíṣà tí wọ́n yọ níṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ kó òkú òròmọdìyẹ jáde ni. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa wọ́n, oògùn ò ràn wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn adìyẹ yìí nìkan ni iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ yunifásítì kan tó ti fẹ̀yìntì ń fi ẹyin wo adìyẹ sàn ní Èmùré. Ẹyin kẹ̀? Mo ní ojú mi ni yóò sọ.

Taksí gba ogún náírà dé Ìsẹ̀. Èèyàn mẹ́rin fún ara wọn pọ̀ sẹ́yìn. Oko kòkó lọ́tùn-ún lósì, kòtò láàárín. Ní Ìsẹ̀ mo wọ ọkọ̀ mìíràn lọ Èmùré.

Dókítà, olùkọ́ tó fẹ̀yìntì náà, fi àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ hàn mí. "A ti gún wọn lábẹ́rẹ́ kòkòrò àrùn náà tí a ti pa. Ara wọn pèsè ohun ìjà sí i, ó sì wà nínú pupa ẹyin wọn. Ẹ pò ó mọ́ omi fún àwọn ọmọ. Yóò dì mọ́ kòkòrò inú ìfun, kò ní ráyè lẹ̀. Tútù o! Iná ń bà á jẹ́."

"Ṣé wọn ò ní di ajẹyin, sà?" Nílé wa, adìyẹ tó bá tọ́ ẹyin wò, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú omi, wọn ò ní mọ̀ pé ẹyin ni."

Nígbà tí mò ń gbé ẹyin tó fún mi bọ̀, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsẹ̀. Mo ní kó bá mi tọ́jú ẹyin náà kó má baà fọ́ lọ́nà, mo bá lọ kí aládùúgbò. Nígbà tí mo padà, iyán ti délẹ̀, ẹyin sì gbóná nínú àpò mi.

"Mo ti bá ọ sè é," ó ní tayọ̀tayọ̀. "Kò lè fọ́ mọ́ kọ́ọ tó dé ulé."

Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Uyàwó mi!" Ó wé gèlè, ó ní ká padà sí Èmùré. Nígbà tí a débẹ̀, kí n tó lanu, ó ti kúnlẹ̀ níwájú Dókítà. Èyí tí àwọn àgbébọ̀ náà yé lọ́jọ́ náà ni Dókítà fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lé itan dé Ìkẹ́rẹ́. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Kò padà sílé títí di àárọ̀ tí òròmọdìyẹ kankan ò kú. Òun àti ìyàwó mi dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ẹni tó fẹ́ràn wa gan-an lè ba tiwa jẹ́, bí a ò bá sọ fún un ohun tí a gbé dání.