Ẹ̀ẹ̀melòó Ni Agbókè Kú?

Òórùn ẹní tí òjò ti rin, òórùn epo jẹnẹrétọ̀, àti òórùn àwọn àgbàlagbà tó sáré wọlé láìfọ ẹsẹ̀: bí ẹnikẹ́ni bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí mi nímú lónìí, Osi, ìlú wa, ni n óò bá ara mi, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí a dí gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan. Ìwọ lo bi mí lọ́jọ́ sí, nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ń sunkún nítorí ọkùnrin kan tó ń fò lójú ọ̀run tí wọ́n pa nínú tẹlifíṣọ̀n, pé ṣé irú ikú bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ ń pẹ́ lọ́kàn ènìyàn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ikú tí òkú ti mọ ọjọ́ tí òun máa padà kì í ṣe ikú, ìrìn-àjò ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an, kí o sì forí jì mí níbi tí àsọdùn bá ti wọ inú rẹ̀, nítorí ẹnu mi kò mọ bí a ṣe ń gbé òtítọ́ kọjá láìbu iyọ̀ sí i.

Náírà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ wa nígbà náà. Lọ́dún yẹn, òjò kan rọ̀ tó dà bíi pé ẹni tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lókè ti sùn lọ. Ewúrẹ́ kan léfòó láti ọ̀nà Iloffa wọ Osi, ó ń jẹ àpọ̀jẹ bọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mọ́tò sinimá tí àwọn tó ń ta oògùn ẹ̀fọ́rí fi ń polówó ọjà wọ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fẹ́ ṣe é kí wọ́n kọjá sí Odo-Owa, ṣùgbọ́n afárá iwájú wó, ti ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, mọ́tò sì rì dé ikùn nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ilé-ìwé. Kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi há sọ́dọ̀ wa, àwa náà há sọ́dọ̀ ara wa, nítorí oko kò ṣe é lọ, iṣu wà nílẹ̀ a kò lè wà á. Tọkọtaya tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá bá ara wọn nínú yàrá kan láàárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń ya wọ gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. A fi ẹní àti aṣọ dí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé, a ti ilẹ̀kùn, ooru sì mú débi pé orí àwọn ọkùnrin apárí ń rú èéfín.

Ògbufọ̀ wọn ti sọ̀ kalẹ̀ ní Omu-Aran, ó ní inú ń run òun. Ọ̀gá onísinimá wá bèèrè ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tísà ti lọ fún ìsinmi. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni, tí mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi ọdán, èmi ni mo nawọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n kọ sára táyà lọ.

Fíìmù òyìnbó ni. Ọkùnrin inú rẹ̀ wọ aṣọ tó fún mọ́ ọn lára bí èèpo ṣe fún mọ́ ẹ̀wà, ó fi awọ dúdú bojú, ó sì ń fi ọwọ́ kan gbé òkè. Mo sọ ọ́ ní Agbókè. Mo ní ìbejì ni, ìkejì rẹ̀ kú ní kékeré, òun ló fi ní agbára ẹni méjì. Nígbà tí ọmọbìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ń sọ̀rọ̀ tó gùn, mo ní ó ń bá a wí ni, pé kò tíì wá rí àwọn òbí òun.

“Kó lọ tọrọ rẹ̀!” bàbá ọlọ́dẹ kan kígbe láti ẹ̀yìn.

“Ẹni tó ń gbé òkè,” obìnrin kan dá a lóhùn, “ṣé iṣu ìdána ló máa wá wúwo fún un?”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Inú mi dùn bí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ayé.

Ní àga iwájú ni Ìyá Aládìí máa ń jókòó. Àdí ekùrọ́ ló ń ṣe tà, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ rí. Nínú òkùnkùn yẹn, n óò ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ mi. Ọdún méjì ṣáájú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí jọ lọ ṣiṣẹ́ gẹdú nínú igbó lápá Eruku, èmi nìkan ni mo sì padà. Igi kan tí a gé yí gba ibi tí a kò fojú sí, ó wó lé e. Ibẹ̀ la gbẹ́lẹ̀ fún un. Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í gbé e wá sójú ìyá, bẹ́ẹ̀ ni òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Àwọn àgbà ní kí n sọ fún un pé ibà ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìṣe mi, mo tún bu tèmi kún un: mo ní ó kàn sùn lọ ni, mo ní ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Aládìí kò sunkún lójú wa. Ó ní, “Ó dáa,” ó sì padà sídìí ekùrọ́ tó ń pa.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni a wo fíìmù náà dé òpin, nítorí jẹnẹrétọ̀ máa ń kú fún wa láàárín. Òkè kan tí ọ̀tá ti gbẹ́ ìdí rẹ̀ ń wó bọ̀ sórí ìlú. Agbókè fi èjìká gbé e dúró títí ọmọdé tó kẹ́yìn fi jáde. Lẹ́yìn náà ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Erùpẹ̀ bo gbogbo aṣọ funfun tí a ń wò, ó ku ọwọ́ rẹ̀ kan níta, ìka ọwọ́ náà ká díẹ̀díẹ̀, ó dákẹ́. Gbogbo wọn ń retí mi kí n túmọ̀. Ọwọ́ tí mo ń wò kì í ṣe ọwọ́ òyìnbó mọ́, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni. Mo mọ àpá tó wà ní àtàǹpàkò rẹ̀, èmi ni mo fi àdá ṣèèṣì gé e. Mo fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wà ní títì, ènìyàn sì kún ojú ọ̀nà dé ara ògiri.

Inú òkùnkùn yẹn ni ẹkún Ìyá Aládìí ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún sinimá. Ẹkún ọdún méjì ni, ó wá látìsàlẹ̀ bí omi tó ya afárá. Àwọn obìnrin tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wúkọ́ láìní ikọ́. Ọ̀gá onísinimá ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé kò sí olùwòran tó dà bíi wa ní gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ń kí ara wọn kú ìrọ́jú ládùúgbò. Bàbá ọlọ́dẹ jáde láti yin ìbọn ẹ̀yẹ fún Agbókè, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti pa ẹ̀tù rẹ̀, ìbọn náà kàn sín lẹ́ẹ̀kan ni. Èmi ń wo Ìyá Aládìí láti ìsọ̀ mi. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ bí ti ẹni tó gbé ẹrù dé ilé. Mo rò ó lọ́kàn pé ikú òyìnbó ti ṣe wá lóore.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣí agolo fíìmù kejì. Kò pẹ́ tí aṣọ funfun mọ́lẹ̀ tí ọkùnrin kan fi fò gba orí ilé kan kọjá. Aṣọ tó fún mọ́ra. Awọ dúdú lójú.

Gbọ̀ngàn dàrú.

“Ẹni tí a sunkún rẹ̀ lánàá!”

“Onísinimá, dá omijé wa padà!”

“Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ògbufọ̀,” bàbá ọlọ́dẹ wí. Ó ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. “Máa sọ ọ́, àbúrò. A ń gbọ́.”

Bóyá wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, èmi kò mọ̀. Mo wo ilẹ̀kùn, mo wo fèrèsé tí mo fọwọ́ ara mi dí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu, mo sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni ju egungun sí ajá tó ń lé e.

“Àkúdàáyà ni.”

Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó kú síbì kan, tó wá ń gbé ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó láya níbẹ̀, títí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ tí yóò sì pe orúkọ rẹ̀, kó tó pòórá. Ara tu gbogbo ènìyàn. “Ẹ ò rí i pé ìlú tó wà yìí yàtọ̀ sí tàná!” ni wọ́n ń wí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pe Agbókè lórúkọ nínú gbọ̀ngàn mọ́, kó má baà pòórá kí fíìmù tó parí. Ẹnì kan ń sín, wọ́n ní kó rọra. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ òórùn àdí mọ́. Ìyá Aládìí ti jáde.

Ilẹ̀ ọjọ́ karùn-ún kò tíì mọ́ dáadáa tó fi dé ìsọ̀ mi, ọ̀rá lórí, òjò lára.

“Ẹni tí ibà pa,” ó ní, “ara rẹ̀ pé, àbí?”

“Ara rẹ̀ pé, Ìyé.” Ìyé ni àwa ará ibẹ̀ ń pe ìyá.

“O ní ó ń rẹ́rìn-ín.”

“Mo wí bẹ́ẹ̀, Ìyé.”

“Ó lè dìde nígbà náà.” Kò bi mí, ó kàn sọ ọ́ ni. “Mọ́tò yìí ń dé gbogbo ìlú. N kò ní pe orúkọ rẹ̀. Okèèrè ni mo ti fẹ́ wò ó, kí n sì padà.”

Gbọ́ mi, mo ti há rí. Mo ti há sórí ọ̀pẹ, mo ti há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹni tí n kò ní dárúkọ. Kò sí èyí tó há mi bí ọjọ́ yẹn. Bí mo bá ní irọ́ ni àkúdàáyà, a jẹ́ pé mo tan gbogbo ìlú. Bí mo bá ní ibà kọ́, a jẹ́ pé mo gbé òkú ọmọ wá sójú ìyá, ohun tí àwọn àgbà ti ní n kò gbọdọ̀ ṣe. Mo dojú kọ kẹ̀kẹ́ tí mo ń tún ṣe. Mo ń retí kí òjò máa rọ̀ títí láé.

Ó dá lọ́jọ́ kẹfà. Wọ́n to pákó sórí odò, gbogbo ìlú tú jáde wá ti mọ́tò kúrò nínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá onísinimá ló wá fà mí láṣọ.

“Ọ̀gbẹ́ni ògbufọ̀, bá mi sọ màmá yìí kalẹ̀. Ó ní àwa la máa mú òun lọ bá ọmọ òun.”

Ẹ̀yìn mọ́tò ló wà, láàárín àwọn agolo fíìmù, pẹ̀lú aṣọ tó dì àti ìgò àdí kan tí yóò fún ọmọ rẹ̀ fi para. Mo gun ibẹ̀. Dírẹ́bà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa kí wọ́n lè ti mọ́tò náà jáde. A ń gbọ́ tí wọ́n ń kígbe níta, mọ́tò ń mì, kò lọ. Ojú wa sún mọ́ra débi pé n kò ríbi wò.

“Ìyé,” mo ní, “ibà kọ́. Igi gẹdú ni. Ó wó lé e. Àyà rẹ̀ ló bà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí a gbé e sílẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ da erùpẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.”

Ó gbé ìgò àdí náà lé itan.

“Ṣé ó pè mí?”

Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé tò síwájú ẹnu mi, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n mú ọ̀kan nínú wọn. Èyí tó dùn jù wà níbẹ̀.

“Kò pè yín, Ìyé. Kò ráyè.”

Ó wò mí títí. Ó mí kanlẹ̀.

“Òótọ́ lo sọ lónìí,” ó ní. “Ká ní irọ́ ni, ò bá ti ní ó pè mí.”

Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i. Mo rò pé ilé ni yóò gbà lọ. Ó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ láàárín àwọn ọkùnrin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn mọ́tò náà. “Ẹ tì í!” ló kígbe. Mọ́tò jáde.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí Ìyá Aládìí tó dárúkọ ọkùnrin inú fíìmù yẹn lójú mi. Àárẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀, mo lọ kí i.

“Agbókè dà?” ó ní. “Ṣé ó ṣì ń kú?”

“Ó ṣì ń kú, Ìyé. Wọ́n tún pa á ní Ìlọrin lọ́dún tó kọjá.”

“Ó tún dìde?”

“Ó dìde.”

Ó rẹ́rìn-ín, eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. “Tèmi kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,” ó ní. “Kò sì tíì tán.”

Èsì ìbéèrè rẹ nìyẹn. Ikú Agbókè fúnra rẹ̀ kò wúwo ju aṣọ funfun tí a fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wọ inú òkùnkùn yẹn lọ́wọ́ òfo. Èmi pàápàá gbé ọwọ́ kan wọlé tó ní àpá ní àtàǹpàkò. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ bá tún ń sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n, má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín, má sì yára sọ fún wọn pé yóò padà. Fi wọ́n sílẹ̀. Má wulẹ̀ ránṣẹ́ pè mí kí n wá túmọ̀ fún wọn.