Mò Ń Jowú Igi Tó Wó ní Èkó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Igi ni mò ń jowú lónìí!

Láàárọ̀ yìí ni afárá kékeré àdúgbò wa ní Àtàn-Ọ̀tà wó. Ṣe làwọn tó ń lọ síṣẹ́ ní Agbára ń ká ṣòkòtò sókè, wọ́n ń la omi kọjá.

Bí mo ṣe ń fọ ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni Sìdí àbúrò mi pè láti Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n! Àdúgbò wa níbí ní Èkó ni wọ́n ń fi hàn!"

Mo tàn án. Igi kan ló wó lu fẹ́ǹsì. Oníròyìn wá ń bi onífẹ́ǹsì bó ṣe rí lára ẹ̀!

Mo pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, mo ròyìn afárá wa fún ẹni tó gbé fóònù.

"Mà, ṣé kọmíṣánnà ń bọ̀ wá wò ó ni?"

"Rárá o."

"Tó bá ti ń bọ̀, ẹ pè wá padà."

Kọmíṣánnà wo ló lọ bá igi kẹ́dùn?

Sìdí ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pè. Wọ́n ti gbé igi náà kúrò, wọ́n sì ti fi ìyẹn náà hàn.

Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ dá mi lóhùn: kí ló tún kù tó máa wó lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó rí wa?